Ẹ̀yin Ọlọ́run, Ẹ Kú Iṣẹ́ Sà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo kí yín o. Mo fi "ẹ" kí yín nítorí pé ẹ pọ̀. Bó bá wá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà á, kí olúwarẹ̀ má wulẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti wo ẹlòmíràn tí mo tún ń kí. Kó gbà pé mo bọ̀wọ̀ fún òun ni. Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ọmọ tí kò tíì mọ bàtà wọ̀ ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ òun ló gbé ọkùnrin jàǹkàn kan ṣubú látorí àga tó ń yí bírí.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé ni ọkùnrin náà. Kàtúùnù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ehoro tó ń wa mọ́tò, ọ̀bọ tó ń ṣe tíṣà, ìgbín tó pẹ́ dé síbi ìgbéyàwó ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ Ọ̀gá kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá ń wọ ọgbà bọ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ húkọ́ ní ẹnu géètì, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè mọ̀ pé ó ti tó àkókò láti dìde dúró. Bó bá fẹ́ gun òkè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a gun àtẹ̀gùn kan náà, kí ojìji ẹlòmíràn má baà bọ́ lé tirẹ̀ lórí.

Ohun tó wá fẹ́ràn jù láyé yìí ni "ẹ". Ẹni tó bá ṣèèṣì fi "o" bá a sọ̀rọ̀, kó tètè lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní "ẹ̀yin". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n jọ jáde látinú ikùn kan náà, tó sì gbé e pọ̀n nígbà èwe, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìpe "o" tàbí "ẹ" rárá: "Ilé ńkọ́? Ara ńkọ́? Ó dàbọ̀." Ẹ̀rọ kan wà ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé pé, "Fi káàdì rẹ síbí." Ọ̀gá gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, inú bí i sí irin. Ó pàṣẹ kí wọ́n tún ohùn rẹ̀ gbà sílẹ̀, kó máa wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi káàdì yín síbí, sà." Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń pe àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní "sà". Àwọn òṣìṣẹ́ náà fún Ọ̀gá ní orúkọ tí wọ́n ń fi ń pè é lẹ́yìn: Ẹ̀yin-Sà. Ẹ ṣàkíyèsí pé èmi kò pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí, "ó" ni mo ń pè é. Kò sí níbí láti lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹnì kan péré ló kù tó ń pè é ní "ìwọ". Ìyá rẹ̀ ni, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kan, màmá wá wo ibi tí ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bá a níwájú tábìlì ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò, wọ́n tún kọ́là rẹ̀ tó ká sókè ṣe, wọ́n sì ní, "O ò tíì jẹun, àbí? Wo ojú rẹ." Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń wo ilẹ̀, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n wọ́n léjìká. Ọ̀gá fa ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n rọ̀ mọ.

Ó ní, "Ìyá mi, ibi iṣẹ́ nìyí. Tẹ́ ẹ bá ti wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, 'ẹ' ni kẹ́ ẹ máa fi bá mi sọ̀rọ̀. Nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ni."

Màmá wò ó. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá mọ́. Bí ọmọ bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní àwọn ní nǹkan lórí iná. Ọ̀gá sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá òun ti lóye. Òótọ́ ni, wọ́n lóye dáadáa.

Nígbà tó yá, Mínísítà tuntun dé. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kò tó Ọ̀gá lọ́jọ́ orí, kì í sì í gbé ohùn sókè. Ó ní kàtúùnù tí àwọn ọmọdé ń wò kò burú, àmọ́ kí wọ́n máa rí ìtàn ẹ̀sìn wò níbẹ̀ pẹ̀lú, ìtàn tí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí lè jọ jókòó wò láìjà. Nínú gbogbo ohun tó sọ, ẹyọ kan ni Ọ̀gá gbọ́: pé àga alága àjọ tó ń darí gbogbo tẹlifíṣọ̀n ìjọba ti ṣófo, àti pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi eré náà hàn lòun máa kéde ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá kò tún rí oorun sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó lọ wo ọ́fíìsì alága tó ṣófo, ó na apá rẹ̀ láti fi wọn fèrèsé, ó sì yan àwọ̀ kọ́tìnnì sílẹ̀.

Wọ́n pe pásítọ̀ kan àti lemọ́mù kan kí wọ́n wá bá wọn yẹ ìwé eré náà wò. Ìtàn wòlíì tí ẹja gbé mì ni wọ́n mú, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ní in. Pásítọ̀ àti lemọ́mù jà lórí orúkọ wòlíì náà títí, nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa pè é ní Wòlíì lásán. Wọ́n fẹnu kò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n yà, kí wọ́n má ya ojú. Ti Ọlọ́run ò sì fa àríyànjiyàn: kí wọ́n má yà á rárá, kó jẹ́ ohùn nìkan, kó sì jẹ́ ohùn ẹni tí àwọn ọmọdé kò mọ̀ rí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Ọ̀rọ̀ wá di ta ni yóò ṣe ohùn Ọlọ́run. Ọ̀gá pe ìpàdé lé e lórí. Ó ní kí wọ́n lọ wá ohùn tó jinlẹ̀, tó níyì, tí àṣẹ pípa ti mọ́ lára. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn. Igbákejì rẹ̀ dìde. Ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ méjì ló sọ ọ́ di igbákejì, "Òótọ́ ni" àti "Sà", àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó fi díẹ̀ kún un.

Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ òótọ́. Tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá gbọ́ ohùn yín, á ní àṣé bó ṣe yẹ kí tòun rí nìyí."

Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wo bóyá wọ́n á fẹ́ gbà pé òun kọ̀ ọ́ lóòótọ́, lẹ́yìn náà ló yára gbà á.

Obìnrin kan ló ń ṣe ohùn Wòlíì. Olóhùn Méje ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òun ni ehoro, òun ni ọ̀bọ, òun sì tún ni ìyàwó ìgbín. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, òun àti Ọ̀gá wọ yàrá kótópó náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ bo etí, ojú kojú. Iná pupa tàn. Olóhùn Méje di ojú, ó gbé ohùn ọkùnrin tí ìdààmú bá wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà inú ẹja bó ṣe wà nínú ìwé: "Ọlọ́run mi, ìwọ nìkan ni mo ní. Jọ̀ọ́, má gbàgbé mi sínú òkùnkùn yìí."

Ọ̀gá yọ ẹ̀rọ kúrò létí. "Ta lò ń pè ní ìwọ?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Ta ló ń ṣe Ọlọ́run níbí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Tún un sọ."

Olóhùn Méje rò pé àwàdà ni. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń gbàdúrà náà nìyẹn, pé látìgbà tí òun ti gbọ́njú, kò sẹ́ni tó ń sọ "ẹ" sí Ọlọ́run, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni. Ọ̀gá ní ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì wàásù fún un fún ìgbà pípẹ́: pé gbogbo ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìlú kan yìí, ibi àdúrà ló ti bẹ̀rẹ̀, pé ọmọ tó bá ti pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ní "ìwọ" láàárọ̀, ta ló tún kù tí yóò pè ní "ẹ̀yin" lọ́sàn-án? Ó ní òun kò sọ ọ́ nítorí ara òun, nítorí àwọn ọmọ ni. Olóhùn Méje wo Igbákejì tó dúró lẹ́yìn gíláàsì. Igbákejì ń wo àjà. Iná pupa tún tàn, obìnrin náà sì ṣe ohun tí èmi àti ẹ̀yin náà ì bá ṣe, torí iṣẹ́ ṣòro rí.

Ó ní, "Ẹ̀yin Ọlọ́run mi, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé mi."

Ara Ọ̀gá wálẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó wá dáhùn, ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Kò dúró. Ó wo àwòrán náà, ó ní kò bójú mu kí Wòlíì kàn máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Òun tí òun jẹ́ ọ̀gá àgbà lásán, ta ló ń wọlé tọ òun láìdúró níta? Ó ní kí ayàwòrán ya yàrá ìdúródeni sínú ikùn ẹja, kó ní kápẹ́ẹ̀tì, kó ní àga, kí akọ̀wé sì wà níbẹ̀. Ayàwòrán ní ikùn ẹja náà kò gbà á. Ọ̀gá ní kó fẹ ẹja náà lójú. Ayàwòrán bá fẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún òkun, ó fi edé kan tó wọ awò ojú ṣe akọ̀wé, ó gbé e sẹ́yìn tábìlì kékeré kan, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé Ọ̀gá ṣe máa ń sọ ọ́. Ọ̀gá rí i, ó ní báyìí ni eré ń ní ọ̀wọ̀ nínú. Wọn ò fi han pásítọ̀, wọn ò fi han lemọ́mù, torí wọ́n kúkú ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún fún àwọn ọmọ ilé ìwé, Mínísítà jókòó síwájú, pásítọ̀ lọ́tùn-ún, lemọ́mù lósì. Wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, tó gùn ju eré náà lọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ níbi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n paná.

Ìjì jà, àwọn ọmọ pariwo. Ẹja gbé Wòlíì mì, wọ́n tún pariwo. Wòlíì ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Edé gbé ojú sókè, ó ti awò rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé wọ́n ń retí yín? Ẹ jókòó díẹ̀. Wọ́n wà nínú ìpàdé."

Pásítọ̀ wo lemọ́mù. Lemọ́mù wo pásítọ̀. Nínú òkùnkùn náà, Ọ̀gá gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ, ó sì rò pé ayọ̀ ni. Nígbà tí àdúrà wá dé, "Ẹ̀yin Ọlọ́run mi, ẹ kú iṣẹ́ sà," gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, ó sì rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni.

Wọ́n taná. Atọ́kùn ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tọ àwọn ọmọ lọ, ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká gbà á. Ó ní, "Mélòó ni wọ́n?"

Atọ́kùn ní, "Àwọn wo?"

"Àwọn Ọlọ́run."

Kí atọ́kùn tó mọ ohun tó máa wí, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ọmọ. Ọmọkùnrin kan ní méjì ni, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì wà nípàdé. Òmíràn ní irọ́ ni, pé bàbá òun máa ń lọ sípàdé, èèyàn kì í sì í dá ìpàdé ṣe, wọ́n á pọ̀. Tíṣà wọn sáré dìde, ó ní ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, pé Wòlíì kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni. Ọmọbìnrin eléyín kíká náà ronú sí i, ó ní ṣé màmá òun kò wá bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run ni, nítorí "o" ni màmá òun máa ń sọ fún un láràárọ̀. Pásítọ̀ àti lemọ́mù dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan náà máa jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì pọ̀: pé ohun tí àwọn fọwọ́ sí kọ́ nìyí, pé "ìwọ" ló wà nínú ìwé àwọn, àwọn ò sì mọ edé kankan rí.

Mínísítà yí ojú padà wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ta ló ṣe ohùn yẹn?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí àánú Ọ̀gá fẹ́ ṣe mí. Ọkùnrin náà ti ń retí ìbéèrè yìí láti ìgbà tó ti yan kọ́tìnnì. Ó rò pé oyè ti dé. Ó dìde, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ atọ́kùn, ó sì fi ohùn náà gan-an dáhùn: "Èmi ni."

Àwọn ọmọ kéékèèké kan kúnlẹ̀.

Mínísítà ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yí 'ìwọ' padà sí 'ẹ̀yin'?"

Irọ́ tó lè pa pọ̀ lọ jàra níbẹ̀. Igbákejì ń fi ẹnu ya "ẹ̀rọ, ẹ̀rọ" fún un láti ẹ̀yìn, kó lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Àmọ́ Ọ̀gá kò rí ohun tó fi yẹ kí òun purọ́. Ohun tó ṣe tọ́ lójú ara rẹ̀.

Ó ní, "Mínísítà, obìnrin tó ń ṣe Wòlíì yẹn ń pè mí ní 'ìwọ' ni."

"Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀."

"Àmọ́ èmi ló wà níbẹ̀."

Mínísítà wò ó, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ọgbẹ́ tó ti pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ gbólóhùn tí gbogbo ìlú ń sín jẹ títí di òní, láìpariwo, níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn òṣìṣẹ́ àti gbogbo ẹni tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Ó ní, "O ṣeun. Lọ jókòó."

Obìnrin tí kò tó Ọ̀gá lọ́jọ́ orí. "O." Ọ̀gá wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó jókòó.

Ohun tó kù kò le. Wọ́n gbé àga alága fún ẹlòmíràn, àti pé kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ni onítọ̀hún fẹ́. Igbákejì di adelé ọ̀gá, "sà" ló kọ́kọ́ dàwátì lẹ́nu rẹ̀, "ẹ" náà tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹta ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti kó ẹrù rẹ?" Wọ́n gbé Ẹ̀yin-Sà lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó fíìmù àtijọ́ sí, níbi tí kò sẹ́ni tó máa ń wá, tó fi jẹ́ pé kò gbọ́ "ẹ", kò gbọ́ "o". Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ti padà sí ohùn rẹ̀ àtijọ́. Ó sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Káàdì rẹ kò ṣiṣẹ́." Wọ́n tún àdúrà Wòlíì gbà sílẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n sì yọ kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní ikùn ẹja. Àmọ́ àwọn ọmọ sunkún nítorí edé, wọ́n sì fún edé ní eré tirẹ̀. Edé ń gbéga lọ ní tirẹ̀.

Ọ̀gá wá rántí ibì kan ṣoṣo tí "o" ti máa ń dùn létí rẹ̀ kó tó di èèyàn ńlá. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó wọ bàtà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá rẹ̀, torí wọ́n ti gba mọ́tò àti dírẹ́bà. Lójú ọ̀nà, ó ń rò ó bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́: o ò tíì jẹun, àbí, wo ojú rẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Màmá ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé ṣáájú rẹ̀, wọ́n mú aṣọ, wọ́n nu àga tó mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jókòó, sà." Ife tí wọ́n ń tọ́jú fún àlejò ni wọ́n fi gbé omi wá, lórí àwo pẹrẹsẹ, ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ìyá mi, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo rí yín lórí tẹlifíṣọ̀n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí ní 'ìwọ'. Ibi iṣẹ́ nìkan ni mo sọ."

"Mi ò mọ ibi tí iṣẹ́ yín parí sí," ni màmá wí, wọ́n sì lọ síbi ìdáná. Ohùn wọn kò le rárá. Ká ní ó le ni, ì bá sàn fún un.

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Wọ́n jókòó sí òdìkejì rẹ̀, wọ́n di ojú wọn, wọ́n sì gbàdúrà bí wọ́n ṣe máa ń gbà á látìgbà tó ti wà lọ́mọdé tó ń jí ẹran jẹ nínú àwo nígbà tí ojú wọn bá wà ní dídì.

Wọ́n ní, "Ìwọ Ọlọ́run mi, o ṣeun. Ìwọ lo mú wọn dé láyọ̀. Wọn ò tíì jẹun, mo rí i lójú wọn. Bá mi tọ́jú wọn."

Ọ̀gá la ojú kan, ó wo yàrá náà yíká, bóyá àwọn èèyàn kan tún wọlé. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó tún ojú náà dì, ó sì ní àmín.